Bí Àkọsílẹ̀ Bá Bára Mu, Ṣé Ó Di Òtítọ́?

Olùtọ́jú dátábéèsì ni ẹni tí ilé iṣẹ́ gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Òun ló ń ṣètò àwọn àtẹ tí orúkọ àwọn oníbàárà, owó wọn, ọjọ́ ìbí wọn àti gbèsè wọn wà. Òun ló ń pinnu ẹni tó lè kà wọ́n àti ẹni tó lè yí wọn padà. Òun náà ni wọ́n ń pè lóru bí sáfà bá dákú. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò hàn sójú ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀dà àpamọ́ bá ń lọ déédéé lálaalẹ́, tí ìbéèrè tó máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá ń gba ìṣẹ́jú àáyá méjì, kò sẹ́ni tí yóò dúpẹ́. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ọ̀gá àgbà máa ń mọ̀ pé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí òun ń san owó oṣù fún. Ṣùgbọ́n lábẹ́ wàhálà ojoojúmọ́ yìí, ìbéèrè kan wà tó ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ: ohun tí a kọ sínú àkọsílẹ̀, ṣé òtítọ́ ni, àbí ó kàn bára mu? Bí méjèèjì kò bá sì jẹ́ ọ̀kan náà, ọrùn ta ni ẹrù ìyàtọ̀ wọn wà?

Inú lọ́jíìkì, ẹ̀kọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ni dátábéèsì òde òní ti ṣẹ̀ wá. Ní àwọn ọdún 1960, ẹni tó bá ń wá àkọsílẹ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọsílẹ̀ kan, yóò tẹ̀lé àmì tó nà sí òmíràn, títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Charles Bachman, tó ṣe ọ̀kan lára àwọn ètò àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ General Electric, fi ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ṣàpèjúwe oníṣẹ́ náà nígbà tó gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1973. Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wa ọkọ̀ òfuurufú nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ló yí èyí padà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní San Jose, California, nígbà tó gbé ìwé kan jáde ní 1970, tó ní kí a to dátà sínú àtẹ, kí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ sì jẹ́ gbólóhùn kan tí a gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tó ní 4417, Ìlọrin àti 20,000 nínú ń wí pé oníbàárà 4417 ń gbé ní Ìlọrin, ó sì ní náírà 20,000 nínú àkáǹtì. Ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan kò ní láti mọ ọ̀nà mọ́. Yóò sọ ohun tó ń fẹ́, ẹ̀rọ yóò sì wá a kàn. Codd náà gba ẹ̀bùn Turing ní 1981, èdè tí Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, àwọn ará IBM bíi tirẹ̀, sì gbé kalẹ̀ ní 1974 ló di SQL tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú dátábéèsì fi ń jẹun títí dòní.

Bí ìlà bá jẹ́ gbólóhùn, a lè fi gbólóhùn kan yẹ òmíràn wò. Ẹ̀rọ lè kọ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ ọjọ́ ikú tó ṣáájú ọjọ́ ìbí. Ó lè kọ̀ kí owó wọ àkáǹtì tí kò sí, ó sì lè rí i dájú pé ènìyàn méjì kò pín nọ́ńbà kan lò. Ìbáramu nìyí, ohun ìyanu sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ojú tí yóò fi wo Ìlọrin, bóyá oníbàárà náà ṣì ń gbé ibẹ̀. Bó bá ti kó lọ sí Òṣogbo láti ọdún mẹ́ta, àtẹ náà kò rú òfin kankan. Irọ́ tó bára mu kò yàtọ̀ sí òtítọ́ níbẹ̀. Olùtọ́jú dátábéèsì mọ ibi tí ààlà yìí wà. Àwọn tó ń ka àkọsílẹ̀ láti ojú fèrèsé báǹkì tàbí tábìlì ilé ìwòsàn kò mọ̀ ọ́n.

Ní 1978, Raymond Reiter, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Kánádà, ṣàlàyé ìlànà kan tí àwọn dátábéèsì ti ń lò láìsọ ọ́: ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, a ó kà á sí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Fún àkókò ọkọ̀ òfuurufú, ìlànà yìí dára. Bí ìwé ilé iṣẹ́ kò bá ní ọkọ̀ tó ń lọ sí Àbújá ní aago mẹ́ta, kò sí ọkọ̀ náà nìyẹn. Bó bá kan ènìyàn, ó le. Àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní Íńdíà, Lal Bihari, lọ yá owó ní báǹkì ní àárín àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé òun ti kú. Ẹbí rẹ̀ kan ló ti bá òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ rẹ̀ lè di tiwọn. Ó dá ẹgbẹ́ àwọn òkú sílẹ̀, ó fi òkú kún orúkọ ara rẹ̀, ó sì du ipò òṣèlú kí ìjọba lè gbà pé òun wà. Ó di 1994 kí àkọsílẹ̀ tó jí i dìde. Orí bébà ni tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì dín ọ̀ràn náà kù. Ní Nàìjíríà, àjọ PTAD tó ń san owó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan fún ìjọba àpapọ̀ ní ètò tí wọ́n pè ní “I Am Alive”, èyí tí àgbàlagbà fi ń jẹ́rìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun kò tíì kú. Ètò náà nídìí, kí owó má baà máa wọ àkáǹtì ẹni tó ti lọ. Síbẹ̀ ó yí ẹrù ẹ̀rí padà: àkọsílẹ̀ kò ní láti fi hàn pé baba kú, baba ló ní láti fi hàn pé òun wà.

Codd fúnra rẹ̀ rí i pé àìmọ̀ kì í ṣe àìsí. Àmì tó dúró fún àìmọ̀ nínú àtẹ ni NULL, pẹ̀lú rẹ̀ ni ìbéèrè ti ní ìdáhùn kẹta yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́: a kò mọ̀. Ní 1990 ó tilẹ̀ fẹ́ kí ó di oríṣi méjì, ọ̀kan fún ohun tó wà tí a kò mọ̀, ọ̀kan fún ohun tí kò kan ẹni náà rárá, bí orúkọ ìyàwó àpọ́n. Chris Date, tí òun àti Codd jọ ṣiṣẹ́, lòdì sí NULL pátápátá, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ máa ń bú NULL nítorí ìdí kan pàtó. Wọ́n á ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo oníbàárà tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àwọn ajigbèsè wá. Bí òfo ẹyọ kan bá wà nínú ìwé náà, ẹ̀rọ kò ní mú ẹnì kankan wá. Ó jọ wèrè. Ẹ̀rọ ló sì gbọ́n jù níbẹ̀: bí gbèsè kan bá wà tí a kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́, kò sí oníbàárà kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe òun.

Ohun tó burú ju NULL lọ ni àyè tí kò gbà kí a fi òfo sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ọba tó wà lórí oyè, ogun tó ń jà, àjàkálẹ̀-àrùn tó bẹ́ sílẹ̀, irú nǹkan báwọ̀nyí ni àwọn ìyá fi ń ka ọdún. Nígbà tí àwọn àgbàlagbà náà bá dé iwájú akọ̀wé tó ń fi orúkọ sílẹ̀, ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà á ní kí wọ́n mú ọjọ́, oṣù àti ọdún wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní tẹ̀ síwájú. Akọ̀wé á kọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Lójú ara rẹ̀ kò purọ́. Iṣẹ́ ló fẹ́ kó parí. Ẹni tó ṣe àtẹ náà ní ọ́fíìsì tó jìnnà sí ibẹ̀ ló ti sọ irọ́ di dandan, ọjọ́ tí wọ́n kọ yìí ni wọn yóò sì fi ṣírò ìgbà tí ẹni náà yóò fẹ̀yìn tì.

Ìbéèrè tí àwọn onímòye ti ń jiyàn lé lórí láti ayébáyé, ìyẹn ohun tó mú kí ẹnì kan jẹ́ ẹnì kan náà níbi méjì, iṣẹ́ ọjọ́ Ajé lásán ló jẹ́ fún olùtọ́jú dátábéèsì. Ilé iṣẹ́ méjì di ọ̀kan, wọ́n ní kó pa orúkọ oníbàárà pọ̀. Ivan Fellegi àti Alan Sunter, àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Kánádà, gbé ìlànà irú iṣẹ́ yìí jáde ní 1969: kí a wo ibi tí àkọsílẹ̀ méjì ti jọra, kí a fún ìjọra kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìbí kan náà wúwo. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ìbejì ti pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ, ìwọ̀n yìí lè ṣini lọ́nà. Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, àdírẹ́sì kan, àti nọ́ńbà fóònù ìyá kan. Bí ètò bá sọ wọ́n di ẹyọ kan ní ilé ìwòsàn, oògùn tí ara ọ̀kan kò gbà lè di èyí tí wọ́n fún un gẹ́gẹ́ bí oògùn èkejì.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, tí ẹnì kan á di méjì. Lẹ́tà ẹ́ tó wà nínú Kẹ́hìndé kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. A lè mú ẹ, kí a fi àmì ohùn lé e lórí. A sì lè mú é, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, kò sí ìyàtọ̀. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti mú méjèèjì wá sí ìrísí kan, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, Kẹ́hìndé tó forúkọ sílẹ̀ láti orí fóònù sì lè má rí ara rẹ̀ bó bá wá a láti orí kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ mìíràn á kúkú gé gbogbo àmì kúrò kí wàhálà lè tán. Ìpinnu lórí ẹni tí ènìyàn jẹ́ nìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹni tí ènìyàn jẹ́, ọ̀rọ̀ ìlérí ló kàn. Ní 1981, Jim Gray, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kọ̀wé lórí ohun tó mú kí ìṣòwò kan nínú dátábéèsì pé, inú òfin àdéhùn ló sì ti mú èrò rẹ̀. Ìgbéyàwó àwọn Kristẹni wà lára àpẹẹrẹ tó lò. Àlùfáà á bi ọkọ, á bi ìyàwó. Bí ọ̀kan bá ní rárá, kò sí ìgbéyàwó, kò sì sí ìdajì ìgbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni owó tó ń ti àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ kúrò kó sì dé, tàbí kó má kúrò rárá. Ẹni tó bá ti fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà mọ ibi tí ìlérí yìí parí sí. Inú dátábéèsì ẹyọ kan ló ti lágbára jù. Báǹkì tó fi ránṣẹ́ ní tirẹ̀, báǹkì tó ń gbà ní tirẹ̀, NIBSS tó wà láàárín wọn ní tirẹ̀. Bí ìsopọ̀ bá já lágbedeméjì, àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè bára mu nínú ara rẹ̀ kó sì ta ko èyí tó kù. Ẹnì kan ló ní láti jókòó lọ́jọ́ kejì kí ó máa fi ìlà wé ìlà, nígbà tí oníbàárà ń pariwo lórí fóònù pé owó òun dà.

Ibì kan tí àṣìgbàgbọ́ nínú ìbáramu ti ṣe ènìyàn ní jàǹbá kedere ni Bírítéènì. Láti 1999 ni Post Office, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò ìṣirò owó orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Horizon ní àwọn ẹ̀ka rẹ̀. ICL, tó wà lábẹ́ Fujitsu, ló ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka náà wà lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe tó ń tajà mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Horizon ń sọ pé owó ń dín lọ́wọ́ wọn, àdéhùn wọn sì ní kí wọ́n san án. Àwọn kan ná gbogbo owó tí wọ́n fi pamọ́, àwọn kan wọ gbèsè, àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n. Láàárín 1999 àti 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi olè, jìbìtì tàbí ayédèrú ìṣirò nítorí ohun tí Horizon wí.

Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Dalmellington ní Scotland ní 2015 fi hàn bí irú rẹ̀ ṣe lè rí. Òṣìṣẹ́ fẹ́ gbé 8,000 pọ́n-ùn láti ẹ̀ka kan wọ òmíràn. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi, ó tún bọ́tìnnì tẹ̀, títẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì di àkọsílẹ̀ tuntun títí àpapọ̀ rẹ̀ fi di 32,000. Àkọsílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, kò sí èyí tó rú òfin àtẹ. Owó 24,000 tí wọ́n ní ó sọnù kò sí láyé rí.

Òfin ilẹ̀ pẹ̀lú ran ìgbàgbọ́ nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà yìí lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀rí ní ẹjọ́ ọ̀daràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Òfin kan ní 1999 fagi lé èyí, ilé ẹjọ́ sì wá ń gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí ẹnì kan bá fi òdìkejì hàn. Báwo ni alágbàṣe ní abúlé ṣe fẹ́ fi òdìkejì hàn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é lẹ́jọ́ ni ohun tó lè gbà á sílẹ̀ wà? Ní oṣù Kejìlá 2019, nínú ẹjọ́ tí àwọn alágbàṣe 555 pè, tí Alan Bates ṣáájú wọn, Adájọ́ Fraser rí i pé Horizon ní àbùkù, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè wọ inú àkáǹtì ẹ̀ka láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n fi ìṣòwò kún un tàbí kí wọ́n yí i padà, láìjẹ́ pé alágbàṣe mọ̀. Post Office ti sẹ́ èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Richard Roll, tó ti ṣiṣẹ́ ní Fujitsu rí, wà lára àwọn tó jẹ́rìí sí i. Ó di 2024 kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó fi òfin pa àwọn ìdálẹ́bi náà rẹ́ lápapọ̀.

Ẹ̀rí Roll kan ohun tí gbogbo oníṣẹ́ yìí mọ̀ tí wọn kì í sábà sọ fún ará ìta: nínú ọ̀pọ̀ dátábéèsì, ọwọ́ kan wà tí òfin kò mú. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà lè fi kún owó oṣù, ó lè yí máàkì ìdánwò padà, ó sì lè lọ gbá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ìwé tó yẹ kó tú u fó. Àwọn ìdènà wà: kí ìwé àyẹ̀wò wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí iṣẹ́ tó léwu. Ní ilé iṣẹ́ kékeré, ẹnì kan náà ló máa ń tọ́jú dátábéèsì àti ìdènà rẹ̀.

Àwọn ẹ̀sìn tí àwọn Yorùbá ń ṣe mọ àkọsílẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀dá kò tó. Mùsùlùmí gbà pé màláíkà méjì ń kọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kristẹni mọ ìwé ìyè. Onífá ń pe Ọ̀rúnmìlà ní Ẹlẹ́rìí Ìpín, nítorí pé ojú rẹ̀ ni ẹ̀dá ti gba ìpín. Bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó, ohun kan pa wọ́n pọ̀: ẹni tó mú àkọsílẹ̀ náà dání mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n rò fún un. Dátábéèsì kò rí nǹkan kan rí. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń tọ́jú, bí ẹni tó sọ ọ́ bá ṣe olóòótọ́ tó tàbí tí bọ́tìnnì bá ṣe dára tó. Nígbà tí ilé ẹjọ́ Bírítéènì gba Horizon gbọ́ ju ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lọ, ìgbàgbọ́ tó tọ́ sí ẹlẹ́rìí ni wọ́n fún akọ̀wé tí kò sí níbi ìṣẹ̀lẹ̀.

Nítorí náà, ìwà tó yẹ oníṣẹ́ yìí kì í ṣe kí ó mú àkọsílẹ̀ dán tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè bi í léèrè, bí kò ṣe kí ìbéèrè lè wọlé sí i: kí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tó kọ ọ́ àti ibi tó ti gbọ́ ọ, kí a má pa àṣìṣe rẹ́, kí a kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àwọn oníṣirò owó ti ń ṣe láti ìgbà ìwé aláwọ, kí àyè wà fún àìmọ̀. Ó sì kan bí ilé iṣẹ́ ṣe ń gba àṣìṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, tó ń tún ẹ̀dà dátábéèsì kan ṣe lóru pa fódà tó wà lórí sáfà gidi rẹ́. Nǹkan bí 300 gígábáìtì ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọ̀nà ìpamọ́ wọn wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà tó gbà wọ́n là jẹ́ èyí tí ẹnì kan ṣèèṣì mú ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn. Ilé iṣẹ́ náà fi àtúnṣe rẹ̀ hàn lórí YouTube bó ṣe ń lọ, ó sọ ohun tó sọnù, kò sì dárúkọ òṣìṣẹ́ náà nínú ìròyìn tó gbé jáde.  Bí wọ́n ṣe gba àṣìṣe wọn yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn tó wà nídìí Horizon.

Ìparẹ́ ló kù. Òfin ìdáàbòbò dátà GDPR tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù ní oṣù Karùn-ún 2018, àti Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023, fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí a pa dátà òun rẹ́ nínú àwọn ipò kan. Ẹ̀sìn ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́: Ọlọ́run tó mọ ohun gbogbo lè pinnu pé òun kò ní rántí ẹ̀ṣẹ̀ kan mọ́. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ kó má rántí. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, píparẹ́ kò ju àmì kan tí a fi sí ìlà láti gbé e pamọ́ fún ojú. Nínú PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn ètò dátábéèsì, ìlà tí a pa rẹ́ ní tòótọ́ ṣì wà lórí díìsìkì títí iṣẹ́ ìgbálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VACUUM yóò fi kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún wà nínú ẹ̀dà àná, ti ìjẹta, àti ti oṣù tó kọjá, tí kò rọrùn láti ṣí kí a sì fa ìlà ẹyọ kan yọ nínú rẹ̀. Bí sáfà bá wá bàjẹ́, tí wọ́n dá ẹ̀dà oṣù tó kọjá padà, gbogbo àwọn tí wọ́n ti pa rẹ́ láti ìgbà náà yóò padà wá. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ máa ń tọ́jú ìwé kan lọ́tọ̀ tí àwọn tó ní kí a gbàgbé àwọn wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì tún pa wọ́n rẹ́ lẹ́yìn ìdápadà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í kọ orúkọ sínú ìwé yẹn. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì ń pa ìwé náà mọ́ títí ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn tí ẹni náà wà nínú rẹ̀ yóò fi kọjá ọjọ́ rẹ̀.